"Ká Ní Mo Mọ̀": Ẹjọ́ Tí Ọ̀dọ́langba Ń Dá Lóru

Ó ṣòro kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí Yorùbá kò ní ìkíni fún. Ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ó kọ́lé, ẹni tí òjò pa, ẹni tí ó kàn jókòó lásán, oníkálukú ni ó ní tirẹ̀. Ìyá tí ọmọ jòjòló kú mọ́ lọ́wọ́, wọn a ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ẹni tí òbí rẹ̀ gbó kí ó tó kú, wọn a ní ẹ̀yìn òkú á dára. Àwọn òbí tí ọmọkùnrin wọn bá ìjàǹbá ọkọ̀ lọ, wọn a kí wọn kú àmúmọ́ra, wọn a sì gbàdúrà pé kí Olódùmarè fi èyí ṣe òpin. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òun àti olóògbé ni wọ́n jọ jókòó nínú ọkọ̀ náà. Òun jáde, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò jáde. Kí ni wọ́n ń kí òun? Bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ rántí rẹ̀, ohun tí wọn yóò sọ fún un ni pé kí ó máa dúpẹ́, orí ló kó o yọ.

Létí àgbàlagbà, ọ̀rọ̀ yẹn dùn. Ọ̀dọ́langba kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbi tí àgbàlagbà fi í sí. Bí ó bá jẹ́ orí tirẹ̀ ni ó kó o yọ, kí ni orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe ní àkókò náà? Ṣé orí ọ̀hún burú ni? Ọ̀rẹ́ náà kọ́ ni ó gbọ́n jù ní kíláàsì, tí gbogbo ènìyàn sì fẹ́ràn? Nígbà náà, ta ni ó yẹ kí ó kú nínú àwọn méjèèjì? Gbólóhùn kan tí wọ́n fi tu ọmọ nínú ti di ìbéèrè tí kò jẹ́ kí ó sùn, kò sì sí ẹni tí ó lè bi í, nítorí ẹni tí ó bá bèèrè irú rẹ̀ lẹ́yìn tí orí ti kó o yọ, aláìmoore ni wọn yóò pè é.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005, ọkọ̀ òfuurufú ilé-iṣẹ́ Sosoliso kan gbéra ní Àbújá, ó ń lọ sí Port Harcourt. Ènìyàn 110 ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ju ìdajì wọn lọ tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Loyola Jesuit College, ilé-ìwé girama kan ní Àbújá tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Sáà ti parí, wọ́n ń lọ ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ àwọn òbí wọn. Ojú ọjọ́ kò dára nígbà tí ọkọ̀ náà fẹ́ balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Port Harcourt. Ó já lulẹ̀, iná sì sọ. Ènìyàn 108 ni ó kú nínú ìjàǹbá náà, 60 nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ìwé kan ṣoṣo yìí. Àwọn méjì péré ni wọ́n yè é. Ọ̀kan nínú wọn ni Kechi Okwuchi, ọmọ ọdún 16 nígbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ Loyola.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n ní ọdún 2017, nígbà tí ó kọrin nínú ìdíje America's Got Talent, tí àpá iná hàn ketekete ní ojú àti ọwọ́ rẹ̀. Ó ti sọ ìtàn ọjọ́ náà ní gbangba ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ó sọ pé bí ọkọ̀ ṣe ń mì, òun àti ọ̀rẹ́ òun tí ó jókòó nítòsí di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ọ̀rẹ́ náà wà nínú àwọn 60. Kechi kò sì fi pamọ́ pé yàtọ̀ sí ojú egbò àti abẹ tí wọ́n fi tún ara òun ṣe láìmọye ìgbà, òun tún bá ìbéèrè mìíràn jà: kí ló dé tí ó fi jẹ́ òun?

Ti Kechi hàn sójú ayé. Àpá wà lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i mọ̀ pé nǹkan ṣe é. Àwọn tí a kò rí ni ọ̀rọ̀ wọn yẹ kí ó dun ènìyàn jù: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ní ilé-ìwé náà, tí wọ́n gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ sílé, tàbí tí ilé wọn kò sí ní ìhà Port Harcourt, tí wọ́n padà wọlé ní oṣù Kìíní tí wọ́n sì bá bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. Ẹni tí ó bá ti gbé ilé-ìwé irú èyí rí mọ ohun tí ó máa ń wà láàárín àwọn ọmọ ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn sáà. Ẹnìkan yá ìwé ẹlòmíràn, kò dá a padà. Àwọn méjì jà lórí omi ìwẹ̀, wọ́n sọ pé àwọn yóò parí ìjà náà bí àwọn bá wọlé. Ẹnìkan ń sùn nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá dágbére. Nǹkan wẹ́wẹ́ ni gbogbo rẹ̀, oṣù Kìíní ni ìbá tán. Nígbà tí ikú wọ àárín rẹ̀, kò sí èyí tí ó wẹ́wẹ́ mọ́.

Ibẹ̀ ni "ká ní" ti ń wọlé. Ká ní mo jí. Ká ní n kò bá a jà. Ká ní n kò pè é pé kí ó jẹ́ kí a jọ lọ. Ká ní èmi ni mo jókòó síbi tí ó jókòó sí. Àgbàlagbà náà a máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ti sìnkú rí, ó ti rí i pé ẹni tí ó ṣọ́ra kú, ẹni tí kò ṣọ́ra náà sì kú. Ọ̀dọ́langba kò tíì rí ìyẹn. Ohun tí ilé àti ilé-ìwé ti ń kọ́ ọ láti kékeré ni pé ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí i, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi fà á: bí ó bá kàwé yóò yege, bí kò bá kàwé yóò fìdí rẹmi. Ẹ̀kọ́ yẹn náà ni ó gbé lọ síbi òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí nǹkan búburú bá ṣẹlẹ̀, ẹnìkan ni ó ṣe é. Bí kò bá sì rí ẹlòmíràn, òun náà ni.

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tí ó yẹ kí wọ́n yà sọ́tọ̀ gedegbe níbí. Àbámọ̀ ni ti ẹni tí ó wo ẹ̀yìn, tí ó fẹ́ kí nǹkan ti rí bí kò ṣe rí. Kò sí ẹni tí kì í ní in. Wọ́n ní òun ni í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀bi yàtọ̀. Ìdájọ́ ni ẹ̀bi. Kí wọ́n tó sọ pé ẹnìkan jẹ̀bi, wọn yóò ti pe ẹjọ́, wọn yóò ti gbọ́ ti olùpẹ̀jọ́ àti ti ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, ẹlẹ́rìí yóò ti sọ ohun tí ó rí, àgbà kan yóò sì jókòó tí ọ̀ràn náà kò kan ju bí ó ti yẹ lọ. Ọmọ tí ó ń rojọ́ fún ara rẹ̀ lóru kò rí èyíkéyìí nínú wọn. Òun ni olùpẹ̀jọ́, òun ni ẹlẹ́rìí, òun náà ni adájọ́. Ti ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó sì ń gbọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọmọdé yìí ti di àgbà òṣìkà fún ara rẹ̀, àwọn tí ó yẹ kí ó bá a gbọ́ ẹjọ́ náà sì ń sọ fún un pé kí ó gbàgbé rẹ̀.

Bí wọ́n bá gbọ́ ẹjọ́ náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a gba pé akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí ó gbà pé nítorí ọ̀rọ̀ kan tí òun sọ ni ọ̀rẹ́ òun ṣe wọ ọkọ̀ Sosoliso. Àwọn tí ìjọba yàn láti wádìí ìjàǹbá náà ti kọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ní awakọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ nìṣó kọjá ibi tí ó yẹ kí ó ti yí padà sókè, nígbà tí kò tíì rí ojú ọ̀nà tí yóò bà lé. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ń yí láti ìhà kan sí òmíràn. Wọ́n ní iná ojú ọ̀nà pápákọ̀ náà kò sí ní títàn. Wọ́n ní ọkọ̀ náà kọlu gọ́tà oníkankéré kan tí ó yọrí sílẹ̀ lórí pápá, ibẹ̀ ni ó ti fọ́. Ọ̀sẹ̀ méje gééré ṣáájú ọjọ́ náà ni ọkọ̀ Bellview ti já ní abúlé Lísà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ènìyàn 117 sì kú. Orílẹ̀-èdè kan tí ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ń já báyìí ní àìsàn tí ó ju ti ọmọ ilé-ìwé lọ. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ yẹn, awakọ̀, afẹ́fẹ́, iná, gọ́tà, kò sí ibi tí orúkọ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kankan ti jáde.

Ó yẹ kí wọ́n fi irú èyí han ọmọ, kí wọ́n kà á fún un, kí ó bi wọ́n ní ìbéèrè tí ó bá fẹ́. "Má dá ara rẹ lẹ́bi" kò wúlò fún un, nítorí àṣẹ lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí ẹ̀bi wà, kò sí bí yóò ṣe máa kó gbogbo rẹ̀ sórí ara rẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀ràn kan wà tí ó le ju èyí lọ: ti ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ó kó ọ̀rẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan kò padà wálé. Tàbí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ìdánwò àṣekágbá tán, tí wọ́n ń kọ orúkọ sára aṣọ ilé-ìwé ara wọn, ẹnìkan ní kí àwọn lọ wẹ̀ lódò. Bí wọ́n bá sọ fún irú ọmọ yìí pé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹni tí ó bá sì ti fi irọ́ tù ú nínú kò ní rí i bá sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ó bá sọ òtítọ́ lọ́la, ọmọ náà yóò rò pé àánú ni ó ń ṣe òun.

Òfin Nàìjíríà kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Nítorí náà ọmọ yẹn ṣe ohun tí kò yẹ, ó sì yẹ kí ẹnìkan sọ bẹ́ẹ̀ fún un ní ohùn pẹ̀lẹ́. Kí ẹni náà sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ta ni ó kọ́ ọmọ náà ní ọkọ̀ wíwà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá? Àwọn wo ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ní àgbàlá ìjọ nígbà tí ó wa ìyá rẹ̀ dé, tí wọ́n ní ọmọ ọkùnrin ni? Ìgbà mélòó ni bàbá rẹ̀ ti rán an ní iṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ kan náà? Kòtò tí ó wà lójú ọ̀nà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ta ni ó gba owó rẹ̀ tí kò dí i? Ìpín ni ẹ̀bi, àwọn àgbàlagbà sì ní láti wá gba tiwọn lọ́wọ́ ọmọ náà, kí ó lè gbé ìwọ̀n tí ó jẹ́ tirẹ̀. Èdè Yorùbá tilẹ̀ ti bá a ṣe ìdajì iṣẹ́ náà: èèṣì ni èèṣì ń jẹ́. Ẹni tí ó ṣèèṣì kì í ṣe ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Àárín méjèèjì yìí ni ọmọ náà yóò máa gbé, kò sì lè dá nìkan gbé ibẹ̀.

Àṣà ìsìnkú tún ń dá kún ìdánìkanwà rẹ̀. Òkú ọ̀fọ̀ ni òkú ọ̀dọ́. Kíákíá ni wọ́n ń sin ín. Wọn kì í jẹ́ kí òbí rẹ̀ dé ibojì. Wọ́n ń kó àwòrán rẹ̀ kúrò lára ògiri, wọ́n sì ń yẹra fún orúkọ rẹ̀. Àánú òbí ni ó wà nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè bú àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ olóògbé kò sí nínú ìṣirò náà. Nígbà tí àgbàlagbà kan bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá aṣọ, wọ́n ń jó, wọ́n ń sọ bí òun àti àwọn ṣe jọ ṣe. Nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì, wọn kò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí.

Àwọn ọdẹ kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọdẹ jẹ́ iṣẹ́ tí èèṣì pọ̀ nínú rẹ̀, ìbọn ń bẹ lọ́wọ́, òkùnkùn ń bẹ níwájú. Bí ọdẹ kan bá kú, àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ìṣípà fún un, wọ́n sì ń sun ìrèmọ̀jé. Bádé Ajùwọ̀n, tí ó ṣe ìwádìí lórí ìrèmọ̀jé tí ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1982, jẹ́ kí ó hàn pé ohùn àwọn tí wọ́n jọ ń dẹ ìgbẹ́ ni ohùn tí ó jẹ́ ti ibẹ̀. Wọ́n ń bá òkú sọ̀rọ̀ ní gbangba, wọ́n ń ka ohun tí ó ṣe, wọ́n ń sunkún láìtijú, ọkùnrin tí ń pa ẹkùn ni wọ́n. Lẹ́yìn náà wọn a gbé ẹrù rẹ̀ lọ sínú igbó, wọn a sì yà á kúrò láàárín alààyè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní sísọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ síta jẹ́ àṣà Òyìnbó tí ó wọlé láìpẹ́ kò tíì bá ọdẹ dé ibi ìṣípà.

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ohun tí àwọn ọmọ rí gbà ni ìkéde ní òwúrọ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìṣẹ́jú kan, àdúrà pásítọ̀ tàbí ti àlùfáà, lẹ́yìn náà ìṣirò ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Olùkọ́ tí ó ń pe orúkọ dé ibi orúkọ náà, ó fò ó. Ẹnìkan ti gbé àga rẹ̀ lọ sí kíláàsì mìíràn. Bí ilé-ìwé bá tilẹ̀ ní olùdámọ̀ràn, ó lè jẹ́ òun náà ni ó ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ ọ̀gbìn. Ti Loyola yàtọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fọ̀ tiwọn pọ̀ ju èyí tí ilé-ìwé kankan yóò gbàdúrà fún lọ: wọn kò jẹ́ kí orúkọ àwọn 60 náà parẹ́. Ní ọdún 2013, àwọn àlùfáà Jesuit tí ó ni ilé-ìwé náà dá òmíràn sílẹ̀ ní Mbodo-Aluu, nítòsí Port Harcourt tí àwọn ọmọ náà ń lọ, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Jesuit Memorial College ní ìrántí wọn. Kì í ṣe gbogbo ilé-ìwé ni ó lè kọ́ odindi ilé-ìwé. Àmọ́ gbogbo ilé-ìwé ni ó lè fi àga kan sílẹ̀ síbi tí ó wà títí sáà yóò fi parí.

Ìdúpẹ́ náà nílò sùúrù. Àwọn òbí ọmọ tí ó yè é a máa kánjú. Sunday tí ó tẹ̀lé ìjàǹbá, wọ́n ti dáṣọ, wọ́n ti kó ọmọ lọ síwájú pẹpẹ, àwọn akọrin ti gbé orin ayọ̀. Ọpẹ́ wọn tọ́, ta ni kò ní dúpẹ́? Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó dúró níwájú ìjọ yẹn mọ̀ pé ní òpópónà kejì, àwọn ènìyàn ṣì wà lórí ẹní. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ó dà á. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, wọn yóò ní kò mọ oore. Oṣù mẹ́ta lè kọjá kí wọ́n tó ṣe é, Ọlọ́run kò ní bínú.

Òbí tún ní láti mọ bí ọ̀fọ̀ ọ̀dọ́langba ṣe ń rí, nítorí kì í fi gbogbo ìgbà jọ ẹkún. Ọmọ kan lè máa rẹ́rìn-ín jù. Òmíràn lè máa jà, kí ó máa sá ní ilé-ìwé, kí ó má fẹ́ wọ ọkọ̀ mọ́, tàbí kí ó máa sùn láti àárọ̀ dé alẹ́. Bí ó bá wá ń sọ pé ó sàn kí òun náà lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ilé-ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n má sì fi òun nìkan sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rù èyí, wọn kò sì ṣàdédé bẹ̀rù: ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ ní gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹni tí ó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ìpínlẹ̀ Èkó yí ti wọn padà ní ọdún 2011, pé kí ilé ẹjọ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-ìwòsàn. Àbùkù ni pé ọmọ tí ẹ̀bi ń pa lọ tún ní láti bẹ̀rù ẹ̀bi mìíràn níwájú dókítà, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin tí ó kù jí. Láti ọdún 1954 ni ilé-ìwòsàn Arọ́ ti wà ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, inú àwọn abúlé àyíká ni ó fi àwọn aláìsàn sí, tí ẹbí ń bá wọn gbé, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ kì í dá nìkan sàn.

Ẹnìkan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọn jù nínú gbogbo èyí, òun sì ni wọn kò gbọdọ̀ fi ipá bẹ̀: ìyá olóògbé. Láàárín ọ̀fọ̀, ó lè ti pariwo sí ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ pé, "Ibo lo mú ọmọ mi lọ?" Ìrora ni ó sọ ọ́, ó sì lè má rántí pé òun sọ ọ́. Ọmọ náà kò gbàgbé. Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ilé-ìwé, kí ó má baà kọjá níwájú ilé náà. Bí ó bá di ọjọ́ kan, bóyá ní ọdún kejì, tí ìyá yẹn bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, tí ó ránṣẹ́ pè é wọlé, tí ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, tí ó sì ní, "Jókòó, ọmọ mi. Sọ fún mi, kí ni ẹ̀yin méjèèjì ń sọ lọ́jọ́ náà kí ọkọ̀ tó ṣubú? Ṣé ó rẹ́rìn-ín?"